Orúkọ Ẹ̀yà Mìíràn Lẹ́nu Àwọn Ará Tsẹ́kì: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Àkànlò Èdè

Bí ọ̀rọ̀ kan kò bá yé ará Tsẹ́kì rárá, á ní "španělská vesnice" ni lójú òun, ìyẹn abúlé Spéìn. Bí kò bá yé ará Jámánì, "böhmische Dörfer" ni tirẹ̀, àwọn abúlé Bohemia. Apá tó tóbi jù ní ilẹ̀ Tsẹ́kì gan-an sì ni Bohemia. Orúkọ ìlú wọn le lẹ́nu àwọn ará Jámánì, ó wá di àpẹẹrẹ ohun tó dojú rú.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé irú àkànlò èdè báyìí kì í sọ irú ènìyàn tí ará Spéìn tàbí ará Túrkì jẹ́. Ìtàn ẹni tó ń sọ ọ́ ló ń sọ: ẹni tó bá a jagun, ẹni tó jọba lé e lórí, ẹni tó múlé tì í.

Ẹ wo ẹni tó yọ́ kúrò lóde àríyá láìdágbére. Àwọn Tsẹ́kì ní ó lọ "po anglicku", bí ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Faransé náà ní ti Gẹ̀ẹ́sì ni. Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì ní rárá, ìwà Faransé ni. Ti aáyán tún wá le jù. Linnaeus, onímọ̀ ará Swídìn, fún aáyán kékeré inú ilé ní orúkọ Jámánì, "germanica", ní 1767. "Rus", ará Rọ́ṣíà, ni àwọn Tsẹ́kì ń pè é. Àwọn ará Rọ́ṣíà ní tiwọn ń pè é ní "prusak", ará Prussia, ìjọba Jámánì kan láyé àtijọ́. Kòkòrò kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fẹ́ gbà á sílé.

Orúkọ Túrkì ló ní ìtàn jù. Ní 1526, Ludvík tó jẹ ọba Húngárì àti ti Tsẹ́kì pa pọ̀ kú níbi tó ti ń sá kúrò lójú ogun Mohács, lẹ́yìn tí àwọn Túrkì ṣẹ́gun rẹ̀. Ní 1663, àwọn ọmọ ogun Túrkì àti Tátárì ya wọ Moravia, apá mìíràn ní ilẹ̀ Tsẹ́kì, wọ́n sì kó ènìyàn lẹ́rú. Ìbẹ̀rù yẹn ṣì wà nínú òwe "poturčenec horší Turka": ẹni tó sọ ara rẹ̀ di Túrkì burú ju Túrkì lọ. Lónìí, ẹni tó fi ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ tó wá ń gbógun tì í ni wọ́n ń fi òwe yìí bá wí. Àmọ́ "turek" tí a fi lẹ́tà kékeré kọ, kọfí ni. Wọ́n á da kọfí lílọ̀ sínú ife, wọ́n á bu omi híhó lé e, wọ́n á rò ó, wọ́n á sì dúró kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ silẹ̀. Ní Túrkì fúnra rẹ̀, inú ìkòkò kékeré lórí iná ni wọ́n ti ń sè é.

Ibi tí orúkọ ẹ̀yà bá jókòó sí nínú gbólóhùn ló ń fi hàn bóyá ó ṣì ń ta ènìyàn. Bó bá ti di orúkọ nǹkan, oró rẹ̀ ti tán. "Francouzák", ará Faransé, ni sípánà tí ẹnu rẹ̀ ṣeé fẹ̀ (àwọn ará Jámánì ń pe irú rẹ̀ ní "Engländer", ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì). "Jednou za uherský rok", ẹ̀ẹ̀kan ní ọdún Húngárì, kò ju pé nǹkan ṣọ̀wọ́n lọ. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tàbí àfiwé tó ń sọ ìwà ènìyàn, ẹ ṣọ́ra. "Cikánit", tí wọ́n yọ lára orúkọ àtijọ́ tí wọ́n ń pe àwọn Rom, ẹ̀yà kékeré kan tó fọ́n ká Yúróòpù, túmọ̀ sí kí ènìyàn purọ́. Wọ́n ń sọ ọ́ fún ọmọdé bí ẹni pé kò ní ẹ̀gbin. Ní 1942, wọ́n kó àwọn Rom sí àgọ́ Lety, tí àwọn ọlọ́pàá Tsẹ́kì ń ṣọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n kó lọ sí Auschwitz, àgọ́ tí ìjọba Násì ti Jámánì ti ń pa ènìyàn. N kò rí àwáwí kankan fún ògbufọ̀ tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ tún irú ọ̀rọ̀ yìí sọ. Bó bá wà lẹ́nu ènìyàn inú ìtàn tó ń túmọ̀, kó jẹ́ kí ẹ̀gàn náà hàn. Bí kò bá sí níbẹ̀, "purọ́" ti tó.

Àwọn Tsẹ́kì tún ní èyí tí wọ́n fi ń yin ara wọn: "Co Čech, to muzikant", kò sí ọmọ Tsẹ́kì tí kì í ṣe olórin. Èyí ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀. Ní 1772, Charles Burney, òpìtàn orin ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bá àwọn ọmọdé lẹ́nu gòjé nílé-ẹ̀kọ́ ìlú Čáslav.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣèwádìí, kó lọ sí Český národní korpus, àkójọ àyọkà tí Yunifásítì Charles ní Prague bẹ̀rẹ̀ ní 1994, tó ṣeé wá nǹkan nínú rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá "jako" pẹ̀lú orúkọ ẹ̀yà lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì fi àyè ọ̀rọ̀ bíi mẹ́ta sílẹ̀ níwájú rẹ̀ fún ọ̀rọ̀-ìṣe. Ohun mẹ́ta ló máa ń da iṣẹ́ yìí rú. "Jako" lè jẹ́ "bí", ó sì lè jẹ́ "gẹ́gẹ́ bí": ẹni tó ní òun ń sọ̀rọ̀ "jako Čech" kò fi ara rẹ̀ wé ẹnikẹ́ni, ọmọ Tsẹ́kì ni. Ìkejì, Turek (ará Túrkì), Němec (ará Jámánì), Čech (ará Tsẹ́kì) àti Polák (ará Póláńdì) jẹ́ orúkọ ìdílé tó wọ́pọ̀ níbẹ̀, nítorí náà ẹ ó rí agbábọ́ọ̀lù àti olóṣèlú láàárín èsì yín. Àfi kí ẹ ka ìlà kọ̀ọ̀kan. Ìkẹta ni lẹ́tà: "Žid" ni ọmọ ẹ̀yà Júù, "žid" ni ẹlẹ́sìn Júù, inú àfiwé tó ń kẹ́gàn Júù ẹ sì lè bá èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ẹ wá méjèèjì, kí ẹ tó ka iye rẹ̀.