Ẹ Jẹ́ Kí Sẹ́ẹ̀lì Ewúro Pọ̀ Kí Ẹ Tó Ránṣẹ́ Ogun sí I

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìjókòó. Ilé-Ifẹ̀ la wà. Ìgò tí ẹ ń wò lọ́wọ́ mi yìí, sẹ́ẹ̀lì ewúro ló wà nínú rẹ̀. Kò ní gbòǹgbò, kò ní ewé, inú oúnjẹ olómi ló ń gbé. Murashige àti Skoog, àwọn onímọ̀ nípa ewéko, ló gbé ìlànà oúnjẹ ọ̀hún jáde ní 1962, ọdún kan náà tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ ti mọ bí a ṣe ń pò ó. Ẹ jẹ́ ká lọ síbi tó le.

Flavonoid la ń wá, èròjà kan tí ewéko máa ń ṣe. Ewéko kì í ṣe é fún wa o! Ó ń fi gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn líle àti kòkòrò ni. Sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ, tó ń mu, tí ọ̀tá kankan kò dé bá nínú ìgò, kí ni yóò fi flavonoid rẹpẹtẹ ṣe? Ìyẹn la fi ń ránṣẹ́ sí i pé ogun dé. Methyl jasmonate, èròjà tí ewéko fi ń kéde ewu, ni èmi máa ń rán.

Ẹ rántí àrokò. Láyé àtijọ́, tí ẹnì kan bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí yín, kò tún sọ nǹkan kan mọ́: ẹ̀fà ni, ọkàn rẹ̀ fà sí yín. Mo fẹ́ràn àrokò ju àfiwé mìíràn lọ, torí methyl jasmonate kì í di flavonoid. Kì í ṣe èròjà ọbẹ̀. Iṣẹ́ ló wá jẹ́!

Tó bá ti dé, kálísíọ̀mù á rọ́ wọlé, hydrogen peroxide á ru sókè, kó tó pẹ́ rárá. Sẹ́ẹ̀lì á yí iṣẹ́ náà padà sí èyí tó lè kà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn jíìnì, purotéènì kan tó ń jẹ́ JAZ ti di MYC2, purotéènì tó ń jí jíìnì, mú. Sẹ́ẹ̀lì á fọ́ JAZ túútúú, ọwọ́ MYC2 á tú, àwọn jíìnì á jí. Ẹ́ńsáìmù PAL á mú phenylalanine tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì, ẹ́ńsáìmù mìíràn, chalcone synthase, á gbà á níwájú, flavonoid á máa pọ̀ sí i.

Ibi tí gbogbo yín ti ń ṣì í wá nìyí. Ẹ ń da methyl jasmonate sí i lọ́jọ́ kìíní! Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀! Sẹ́ẹ̀lì tó gbọ́ ìró ogun á dẹ́kun bíbí sí i. Èmi náà ṣe é rí: sẹ́ẹ̀lì tí mo fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan tọ́ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó kú mọ́ mi lójú. Ó dùn mí gan-an.

Ẹ JẸ́ KÍ WỌ́N PỌ̀ NÁ. Ẹ máa wọ̀n wọ́n ní ọjọ́ méjì méjì. Ìgbà tí ìdàgbà bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ ránṣẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 100 micromolar. Àpọ̀jù rẹ̀ ń pa sẹ́ẹ̀lì. Inú ethanol ni kí ẹ ti yọ́ ọ, kí ẹ fi asẹ́ 0.22 micrometre sẹ́ ẹ, ẹ má sè é! Ẹ sì da ethanol nìkan sínú ìgò kan lọ́tọ̀. Láìsí ìgò yẹn, báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ̀ pé kì í ṣe ethanol ló ṣiṣẹ́?

Lẹ́yìn náà, ẹ máa bu díẹ̀ wò lójoojúmọ́. Ọjọ́ tí flavonoid bá ga jù, ọjọ́ ìkórè nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ kó kọjá, ó lè máa lọ sílẹ̀.