Àmì lórí òkúta: ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Oǹdó lórí òkúta ìrántí Bíṣọ́ọ̀bù Phillips

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kú ìjókòó. Ọ̀rọ̀ òkúta ìrántí tí wọ́n fẹ́ gbé sí ẹ̀bá ọ̀nà fún Charles Phillips la bá wá. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: ó dé Oǹdó ní 1877, òun àti àlùfáà Samuel Johnson jíṣẹ́ àlàáfíà fún àwọn ológun Kírìjì, ogun Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀, ní 1886, wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù olùrànlọ́wọ́ ní 1893, ó kú ní 1906. Mi ò ní máa sọ ìtàn Oǹdó fún ọmọ Oǹdó.

Ọ̀rọ̀ àmì ni tèmi: àmì ohùn orí lẹ́tà àti àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀. Èkó ni àwọn oníjọ CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Áńgílíkà, ti jókòó ní 1875 láti fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá sílẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ọkùnrin yìí wá sí Oǹdó. Ẹni tó fi ìwé kíkà ṣiṣẹ́, ẹ ò lè gbé òkúta tí kò ní àmì lé e lórí. Ẹ wo gbólóhùn yìí: “Ó kọ́ ilé ẹ̀kọ́.” Ẹ yọ àmì kúrò, ó di “O ko ile eko.” Àlejò lè kà á sí “Ó kó ilé Èkó.” Ẹ ti sọ bíṣọ́ọ̀bù di olè nìyẹn! (Ẹ̀rín.) Àwọn kan ní ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá á mọ ohun tí a ní lọ́kàn. Ṣé ọwọ́ òkúta la ó ti máa béèrè ohun tó wà lọ́kàn wa ni?

Ibi tí àmì ti ń sọnù, ibi méjì ni. Àkọ́kọ́, kọ̀ǹpútà. Lẹ́tà “ẹ” ní kóòdù tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n “ẹ́” kò ní; àmì òkè ni wọ́n ń so mọ́ ọn. Tí fọ́ǹtì, ìyẹn irú lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń lò, kò bá gbà á, àmì á sá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó di àpótí òfìfo. Ẹ kọ ọ́ tán nílé, ẹ yí i sí curves, ìyẹn àwòrán tí kò nílò fọ́ǹtì mọ́, nínú CorelDRAW tí wọ́n fi ń yàwòrán lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí àwọn tó máa gbẹ́ òkúta. Èkejì, sítíkà. Wọ́n á lẹ sítíkà mọ́ òkúta, wọ́n á gé lẹ́tà sí i, wọ́n á ṣí èyí tí wọ́n gé kúrò kí yanrìn tí ẹ̀rọ ń fẹ́ jáde lè jẹ ojú ibẹ̀. Lẹ́tà ńlá ò ṣòroó rí. Àmì ìsàlẹ̀ ò ju orí ìṣó lọ, abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń yọ ọ́. Èyí tí wọ́n bá gbàgbé, yanrìn ò ní jẹ ẹ́, ó tán. Kí olùkọ́ Yorùbá kan dúró tì wọ́n, kó ka àmì ní ìlà kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ. Kí àmì sì jìnnà sí lẹ́tà tó mìlímítà 2, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọ̀dà á pa wọ́n pọ̀.

Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ kò lè kà á. Ọkọ̀ tó ń sá 80 kìlómítà ní wákàtí ń jẹ mítà 22 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ni kí ẹ kọ ọ́ fún, nítòsí ibùdókọ̀, kí lẹ́tà ga tó sẹ̀ǹtímítà 2.5 fún ẹni tó dúró ní mítà 3.

Alága ti ń fi aago hàn mí. Ní kúkúrú: òkúta akọ ni kí ẹ lò, ẹ má lo mábù, òjò a máa jẹ ẹ́. Ẹ má lo idẹ, àwọn alálòkù irin á tú u lọ. Ìpìlẹ̀ kọnkéré, símẹ́ǹtì 1, yanrìn 2, òkúta wẹ́wẹ́ 4. Ẹ bo irin inú rẹ̀ dáadáa, tó bá dípẹtà á wú, á sì fọ́ ọ.

Màmá kan dìde láti ẹ̀yìn: “Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Gbogbo àmì tí ẹ ń kà yìí, Yorùbá ta ni? Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé wa kọ́ nìyẹn.”

Ẹ ṣeun, Mà. Òótọ́ lẹ sọ. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí Yorùbá inú ìwé fi “i” bẹ̀rẹ̀, “u” ni tiyín fi bẹ̀rẹ̀, bíi ti Èkìtì. Yorùbá inú ìwé ni kí ara òkúta jẹ́, kí àlejò lè kà á. Ṣùgbọ́n ẹ fi ìlà kan sílẹ̀ lókè pátápátá fún ohùn Oǹdó. Kí àwọn àgbà sọ ọ́, kí ẹ gbà á sórí fóònù, kí ẹ tó gbé bírò. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún un ṣe sí ti Ọ̀yọ́. Màmá, ẹ̀yin ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀: báwo lẹ ó ṣe sọ “ó kọ́ ilé ẹ̀kọ́”?