Ẹ Wo Aago Kí Ẹ Tó Wo Máàpù: Bí A Ṣe Ń Ka Àwọn Àmì Inú Áàpù Kọ́là Ajá

Ẹ káàárọ̀, ẹ káàsán, ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ìgbà yòówù tí fídíò yìí bá bá yín. Ìlọrin ni mo wà, ní Tanke, ọ̀rọ̀ ajá sì ni mo bá wá.

Lọ́jọ́ Iléyá tó kọjá, ajá mi jáde nílé láìdágbére. Bingo lorúkọ ẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo mọ̀ pé ìdajì ajá Nàìjíríà ló ń jẹ́ Bingo. Ẹnì kan ló fi géètì sílẹ̀ gbayawu, òórùn ẹran sì ti gba gbogbo àdúgbò kan. Ọkàn mi ò kọ́kọ́ dàrú, torí pé kọ́là GPS, ìgbànú ọrùn tó ń fi ibi tí ajá wà hàn lórí fóònù, wà lọ́rùn ẹ̀. Mo ṣí áàpù, mo rí àmì ajá gbangba lórí máàpù: Típà Gáréèjì. Mo gun ọ̀kadà, ó di ibẹ̀. Mo wo abẹ́ típà, mo wo ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn mẹkáníìkì, mo ń súfèé kiri bíi wèrè. Kò sí Bingo. Àmì yẹn ò sì kúrò lójú kan lórí fóònù mi. Bàbá kan tó jókòó síbẹ̀ ní kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú, pé ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ẹ ṣeun o, Bàbá.

Mo ya ojú fóònù mi lọ́jọ́ náà, òun lẹ ń wò yìí. Àmì ajá rèé. Ẹ wá wo ìsàlẹ̀ ẹ̀, níbi tí mo fi ìka sí, ọ̀rọ̀ tín-ín-tín tó ní àwọ̀ eérú, èyí tí mi ò kà: ìṣẹ́jú 47 sẹ́yìn. Ṣé ẹ rí i? Ibi tí Bingo wà ní ìṣẹ́jú 47 sẹ́yìn ni mo sanwó ọ̀kadà lọ.

Àmì yẹn ò sọ pé ajá wà níbí. Ohun tó sọ ni pé ibí ni ajá wà nígbà tí mo gbúròó ẹ̀ kẹ́yìn. Ọ̀tọ̀ lèkíní, ọ̀tọ̀ lèkejì. Tí ajá bá jáde, ibi tí aago wà, ìyẹn ọ̀rọ̀ tín-ín-tín yẹn, ni kí ojú yín kọ́kọ́ lọ. Tó bá jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ sẹ́yìn, ẹ máa sáré lọ. Tó bá ti ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, ẹ rọra dúró, kí ẹ wo àwọn àmì tó kù, torí wọ́n á sọ ohun tó fà á fún yín.

Ìrìn méjì ni ìròyìn ajá ń rìn kó tó dé ọwọ́ yín. Ẹni tó bá mọ ìrìn méjèèjì ti mọ áàpù náà tán.

Ìrìn kìíní, láti ojú ọ̀run sí ọrùn ajá. Àwọn sátẹ́láìtì GPS ju 24 lọ, wọ́n ń yí ayé po lókè, níbi tó tó 20,200 kìlómítà sílẹ̀. Wọn ò mọ Bingo rí. Aago tó péye gan-an ló wà nínú wọn, iṣẹ́ wọn tọ̀sán tòru sì ni kí wọ́n máa ké iye tí aago lù àti ibi tí àwọn wà, bí ládánì ṣe ń pèrun: ó ń pè ni, kò mọ ẹni tó ń gbọ́ àti ẹni tí kò gbọ́. Kọ́là ló ń tẹ́tí. Ó ń wo bí ohùn kọ̀ọ̀kan ṣe pẹ́ tó lójú ọ̀nà, ó sì ń fi ìyẹn ṣírò bí òun ṣe jìnnà sí sátẹ́láìtì náà tó. Ó gbọ́dọ̀ gbọ́ ti 4 ó kéré tán, kó tó lè mọ ibi tó wà dáadáa. Kì í dá wọn lóhùn o. Mo ń tẹnu mọ́ ọn torí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé sátẹ́láìtì ló ń ṣọ́ ajá àwọn láti òkè.

Ìrìn kejì, láti ọrùn ajá sí ọwọ́ yín. Kọ́là ti mọ ibi tó wà, ó kù kó sọ fún yín. Síìmù kékeré tó wà nínú ẹ̀ ló ń gbé ọ̀rọ̀ lọ sí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó bá sún mọ́ ọn. Ibẹ̀ ló ti ń dé kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tó ṣe kọ́là, kó tó wá wọ inú áàpù yín. Dátà ló ń jẹ, bíi fóònù yín gan-an. Tó bá sì jẹ́ ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín ra síìmù sí i, ó gbọ́dọ̀ ní NIN lára, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n lè tì í mọ́ yín lórí.

Ìdí nìyí tí àmì fi máa ń jẹ́ méjì lókè áàpù. Ọ̀kan jọ sátẹ́láìtì, èkejì jọ àtẹ̀gùn, irú èyí tí ẹ ń rí lórí fóònù yín lójoojúmọ́. Àwọ̀ lè yàtọ̀ láti ilé-iṣẹ́ kan sí òmíràn, àmọ́ lórí tèmi, àwọ̀ ewé ni dáadáa, pupa ni wàhálà, àwọ̀ eérú ni pé a ò mọ̀.

Ẹ padà sí àwòrán ọjọ́ Iléyá. Àmì sátẹ́láìtì ń tàn bí ewé. Ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni wọ́n fa ìlà pupa kọjá lára ẹ̀. Ìyẹn ni pé nígbà tí kọ́là ròyìn kẹ́yìn, ó mọ ibi tó wà, kò rí ọ̀nà sọ fún mi mọ́ ni. Gbogbo Ìlọrin ló ń pera wọn kú ọdún, tí wọ́n ń fi fídíò àgbò ránṣẹ́. Kọ́là kékeré kan ò lè rọ́nà láàrin wọn. Ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì là. Ojú mi báyìí ni àmì yẹn ṣe fò láti Típà Gáréèjì bọ́ sí ilé kẹta sí tiwa. Kò gba títì, kò gba kọ̀rọ̀. Mo dé ibẹ̀, Bingo wà lábẹ́ tábìlì tí wọ́n ti ń gé ẹran, ikùn ẹ̀ le bí ìlù, kò tiẹ̀ gbójú sókè wò mí.

Ẹ jẹ́ ká yí i padà báyìí: nẹ́tíwọ́ọ̀kì dára, sátẹ́láìtì ni kò dáa. Èyí ló ń ṣẹlẹ̀ jù nílé wa. Lóru ọjọ́ kan, aago méjì kọjá díẹ̀, fóònù mi han: ajá ti jáde! Mo wo máàpù, Bingo wà nínú mọ́sáláṣí òdìkejì. Mo dìde pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Bingo ń hanrun lábẹ́ mọ́tò, lábẹ́ páànù ibi tí a ń gbé mọ́tò sí. Páànù ò jẹ́ kí ohùn sátẹ́láìtì wọlé tààrà. Èyí tó bá sì wọlé á ti kọ́kọ́ lu ògiri aládùúgbò, á wá padà wá bíi gbohùngbohùn. Ọ̀nà rẹ̀ ti gùn sí i, kọ́là á wá rò pé ibòmíràn lòun wà.

Áàpù kì í parọ́ níbẹ̀ o, tí ẹ bá mọ ibi tí ẹ ó wò. Ẹ wo àmì ajá dáadáa, òbírí kan tó ṣú díẹ̀ yí i ká. Nínú òbírí yẹn níbikíbi ni ajá lè wà, kì í ṣe àárín ẹ̀ nìkan. Ní gbangba, tí kò sí páànù, tí kò sí igi ńlá, GPS lásán lè fi nǹkan bíi mítà 5 ṣìnà. Lóru ọjọ́ yẹn, òbírí tèmi gbé ilé wa, ilé Àlájì aládùúgbò wa àti mọ́sáláṣí mì pọ̀. Àwọn áàpù kan tún wà tó jẹ́ pé tí wọn ò bá gbọ́ sátẹ́láìtì rárá, òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni wọ́n fi ń méfò, òbírí ìyẹn sì lè gba odidi àdúgbò.

Èyí ló bá ọ̀rọ̀ ọgbà orí fóònù tan, ìlà tí ẹ máa ń fà sórí máàpù pé tí ajá bá ti kọjá ẹ̀, kí wọ́n pè yín. Nítorí Àlájì ni mo ṣe fà á. Bàbá náà ní alúwàlá lóun ń ṣe lẹ́yìnkùlé, òun ò fẹ́ kí ajá wá fi imú kan kẹ́tùlù òun, ẹjọ́ ẹ̀ sì jàre. Ṣùgbọ́n mo fà á gẹ́rẹ́ sórí fẹ́ǹsì. Ẹ bá mi ṣírò: pílọ́ọ̀tì kan, ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, nǹkan bíi mítà 15 sí 30 nìyẹn. Tí GPS bá ṣi mítà 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣé kò ní máa pariwo ní gbogbo òru? Ẹ fà á síta díẹ̀. Ti Àlájì, mo ti géètì.

Bátìrì, kò nílò ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìgbà tí ẹ bá ní kó máa ròyìn ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ sí díẹ̀ ló ń jẹ iná jù, nítorí náà ẹ pa á tí ẹ bá ti rí ajá. Níbi tí iná NEPA ti ń ṣe bó ṣe wù ú yìí, tó bá ti ń sún mọ́ ogún nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ ṣáájì ẹ̀. Tí ẹ bá rí àmì oṣù tàbí ti ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago tó ti pẹ́, kì í ṣe àìsàn: ajá ò rìn tàbí ó wà nílé, kọ́là náà ń sinmi.

Ẹ̀yin ọdẹ wa ní ìhà Ìgbómìnà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé kọ́là onísíìmù wọ igbó lẹ́yìn Òmù-Àrán níbi tí kò sí òpó. Á mọ ibi tó wà, kò ní rí ẹni sọ fún. Irú èyí tí ọ̀pọ̀ ọdẹ ní Amẹ́ríkà ń lò, rédíò ló fi ń bá ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ wọn sọ̀rọ̀ tààrà, kò nílò síìmù. Bí kò bá sí ìyẹn, ṣaworo ṣì wà. Ṣaworo ò ní ju àmì méjì lọ: ẹ gbọ́ ọ, tàbí ẹ ò gbọ́ ọ.

Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, fóònù tiyín ni kò ní dátà. Ẹ ṣí nǹkan míì wò kí ẹ tó bú kọ́là.

Kí ajá tó jáde ni kí ẹ ti dán an wò. Ẹ bọ́ kọ́là lọ́rùn ẹ̀, ẹ gbé e dání, ẹ rìn dé ìkóríta kí ẹ sì padà, kí ẹ máa wo bí áàpù ṣe ń pẹ́ tó kó tó mọ̀ pé ẹ ti yà. Ẹ dúró lábẹ́ páànù díẹ̀, ẹ dúró ní gbangba díẹ̀, ẹ wo bí òbírí yẹn ṣe ń fẹ̀ tó ń sún kì. Èmi ṣe é lánàá. Mo ń lọ, mo ń bọ̀, ojú mi wà lórí fóònù, kọ́là ń mì lọ́wọ́ mi. Ìyá ẹlẹ́kọ tó wà ní ìkóríta wò mí títí, ó wá ní, "Bọ̀dá, ajá dà?"