Àlàyé Abẹ́ Àròkọ: Ibi Tí Portfolio Orí Íntánẹ́ẹ̀tì Ti Ń Le

Ẹ ǹ lẹ́ o, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́. Olùkọ́ ní kí ẹ kó àwọn àròkọ tí ẹ kọ ní sáà yìí sórí Mahara tàbí Google Sites, ìyẹn àwọn ibi orí íntánẹ́ẹ̀tì tí èèyàn lè kó iṣẹ́ rẹ̀ jọ sí fún ẹlòmíràn láti wò (àkójọ iṣẹ́ yẹn là ń pè ní portfolio), kí ẹ sì ṣàlàyé sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹ ṣe kọ ọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀ o, bẹ́ẹ̀ kíláàsì nìkan lẹ ti ń gbọ́ ọ.

Fáìlì tó kọ̀ tí kò ṣí àti páásíwọ̀ọ̀dù tó sọnù, ìyẹn á yanjú. Àlàyé abẹ́ àròkọ yẹn gan-an ni iṣẹ́ wà.

Ẹ wo ohun tí ọ̀pọ̀ ń kọ síbẹ̀: “Mo kọ́ ohun púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Ó le díẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbádùn rẹ̀.” Kò sí àṣìṣe níbẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan. Ẹ wá gbọ́ èyí: “Ìparí ni mo fi kókó ọ̀rọ̀ mi sí tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá mi kà á ní òun ò mọ ibi tí mò ń lọ. Mo gbé e wá síwájú, mo yọ àpẹẹrẹ kejì kúrò, torí kò bá a mu.” Èyí ni olùkọ́ ń wá.

Kì í ṣe pé ẹni àkọ́kọ́ kò ronú. Ó ronú dáadáa, lédè tirẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ọwọ́ rẹ̀ ni kò gbé e, ló bá kọ èyí tó rọrùn dípò èyí tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ẹlòmíràn ń bẹ̀rù kí ẹgbẹ́ rẹ̀ má rí àṣìṣe òun, ló bá gbé gbogbo rẹ̀ fún ChatGPT, ẹ̀rọ orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń báni kọ̀wé. Gẹ̀ẹ́sì á dán gbinrin, àmọ́ àwọn àtúnṣe tó fúnra rẹ̀ ṣe kò ní hàn níbẹ̀ mọ́. Ká sòótọ́, tó bá jẹ́ gírámà nìkan ni olùkọ́ ń fún ní máàkì, kí ni ká ní kó ṣe?

Nítorí náà, ẹ má ṣe pa ẹ̀dà àkọ́kọ́ rẹ́. Ẹ kọ déètì sí i lórí, kẹ́ ẹ fi pa mọ́. Lọ́jọ́ tí ẹ bá tún nǹkan ṣe, ẹ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀ ní èdè tiyín, ìlà kan péré. Ìlà yẹn lẹ ó wá Gẹ̀ẹ́sì fún tó bá yá. Tójú bá sì ń tì yín, Mahara àti Google Sites ló fàyè sílẹ̀ láti yan ẹni tó lè wo ojú ìwé yín; ẹ fi olùkọ́ nìkan síbẹ̀ ná.