Sofia Perovskaya àti ikú ọba Rọ́ṣíà

Kúnlé: Àǹtí Bọ́lá, ẹ ní oúnjẹ àti lẹ́tà nìkan ni wọ́n ń fi rán obìnrin nínú àwọn ẹgbẹ́ ajìjàgbara Yúróòpù ayé ọjọ́un, àbí?

Bọ́lá: Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ta lo wá gbé wá?

Kúnlé: Sofia Perovskaya, St. Petersburg, 1881. Ẹgbẹ́ wọn, Narodnaya Volya, gba ṣọ́ọ̀bù kan, wọ́n pàtẹ wàràkàṣì. Irọ́ ni! Ihò ni wọ́n ń gbẹ́ lọ sábẹ́ títì tí ọba Alexander Kejì máa ń gbà, kí bọ́ǹbù lè dúró dè é níbẹ̀. Ìjọba rán ẹnjiníà kan wá bíi wolé-wolé. Ó rí ibi tó tutù nílẹ̀, wọ́n ní wàrà ló dà sílẹ̀.

Bọ́lá: Ó sì gbà? Kánsù wa ní Peckham níbí ò ní gbà o.

Kúnlé: Ó gbà! Àmọ́ nígbà tó ku ọjọ́ méjì, ọlọ́pàá mú Zhelyabov, ọ̀gá wọn, tó tún jẹ́ olólùfẹ́ Sofia. Ẹlòmíì á ti sá. Sofia, tí bàbá rẹ̀ ti ṣe gómìnà St. Petersburg rí, ló gba iṣẹ́ náà ṣe. Ọba ò wá gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mọ́ lọ́jọ́ náà. Sofia fi áńkáṣíìfù ṣe àmì fáwọn ọmọkùnrin tó mú bọ́ǹbù dání pé kí wọ́n bọ́ sétí odò Catherine tí wọ́n gbẹ́ la ìlú, òun náà bọ́ sódìkejì, ó ń wò wọ́n. Bọ́ǹbù àkọ́kọ́ ba kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin jẹ́, ọba sọ̀ kalẹ̀ láìfarapa. Ìkejì ló pa á.

Bọ́lá: O ò dárúkọ ọmọdékùnrin tó ń kọjá lọ tiẹ̀, tí ti àkọ́kọ́ pa. Bó o bá ní Sofia lọ̀gá, ẹ̀jẹ̀ ọmọ yẹn wà lọ́rùn rẹ̀. Ọba yẹn ló sì tú àwọn àgbẹ̀ sílẹ̀ lóko ẹrú ní 1861.

Kúnlé: Pẹ̀lú gbèsè ilẹ̀ tí wọ́n ní láti fi ọdún 49 san!

Bọ́lá: Mo gbọ́. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ló fọwọ́ sí àbá pé kí wọ́n máa pe aṣojú ará ìlú sọ́rọ̀ òfin. Ọmọ rẹ̀ tó jọba pa á tì.

Kúnlé: Sofia ò mọ̀ pé àbá kankan wà. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n so ó rọ̀ pẹ̀lú ọkùnrin mẹ́rin, ọmọ ọdún 27. Òun lobìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n so rọ̀ ní Rọ́ṣíà nítorí ọ̀ràn òṣèlú. Wọ́n dájọ́ ikú fún Gesya Gelfman, obìnrin míì nínú ẹgbẹ́ wọn, náà, oyún ló yọ ọ́.

Bọ́lá: Ó dáa, ọ̀gá ni. Akọni tó o fẹ́ kí n pè é yẹn, mi ò tíì débẹ̀.