Ohun Tí Ẹ̀rọ Ń Ṣe Gan-an Ni Kí Iná Rẹ̀ Máa Sọ

Ẹ̀yin tí ẹ ń ya pátákó ìdarí fún awakọ̀ òfurufú, fún iléeṣẹ́ ìfọpo, fún yàrá iṣẹ́ abẹ, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá. Ẹni tó jókòó sídìí ẹ̀rọ ńlá kì í sábà rí ẹ̀rọ náà sójú. Iná àti nọ́ńbà tí ẹ tò síwájú rẹ̀ nìkan ló ń rí. Bí ìwọ̀nyẹn bá purọ́ fún un nígbà tí nǹkan dojú rú, kò sí bó ṣe mọṣẹ́ tó tí kò ní ṣì í ṣe.

Ẹ wo Three Mile Island, iléeṣẹ́ tó ń fi agbára átọ́míìkì pèsè iná mànàmáná ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 1979. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí, àwọn ẹ̀rọ tó ń fa omi níbẹ̀ dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ìfúnpá ga, fáàfù kan sì ṣí láti dín in kù, bó ṣe yẹ. Ìgbà tó yẹ kó padà dé ló há ní ṣíṣí. Omi tó ń mú ọkàn ẹ̀rọ náà, ibi tí epo átọ́míìkì wà, tutù wá ń tú jáde, kò sì sẹ́ni tó mọ̀, torí iná fáàfù náà ti kú lórí pátákó, ohun tí ìyẹn sì túmọ̀ sí lójú wọn ni pé fáàfù ti dé.

Iná yẹn kò bá fáàfù ní àjọṣe kankan. Iná mànàmáná tó ń gbé àṣẹ lọ fún fáàfù ni wọ́n so ó mọ́. Bí àṣẹ bá ti lọ pé kó dé, iná á kú, fáàfù ì báà gbọ́, kó má gbọ́. Ó lé ní wákàtí méjì kí wọ́n tó fi fáàfù mìíràn dí ojú ọ̀nà náà. Nǹkan bí ìdajì ọkàn ẹ̀rọ náà ló yọ́.

Àwọn kan ṣì ń pe èyí ní àṣìṣe òṣìṣẹ́. Èmi ò gbà. Ẹni tó so wáyà yẹn ló kọ́kọ́ ṣì í.

Ọ̀rọ̀ ariwo ìkìlọ̀ tún wà. Ní iléeṣẹ́ ìfọpo Texaco ní Milford Haven, ní Wales, ní oṣù Keje ọdún 1994, ìkìlọ̀ 275 ló já lu òṣìṣẹ́ méjì láàárín ìṣẹ́jú 11 tó ṣáájú ìbúgbàù. Ta ló lè ka ìyẹn? Ìkìlọ̀ tí kò ní ohun tí èèyàn lè ṣe sí i, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Ọwọ́ náà nílò ìrànlọ́wọ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn awakọ̀ B-17, ọkọ̀ òfurufú ajubọ́ǹbù Amẹ́ríkà, a máa ká ẹsẹ̀ ọkọ̀ sókè lẹ́yìn tí wọ́n bá ti balẹ̀ tán, nígbà tó jẹ́ pé ìgbátí apá ọkọ̀ (flaps) ni wọ́n fẹ́ ká. Bọ́tìnì méjèèjì jọra, wọ́n sì wà nítòsí ara wọn. Alphonse Chapanis, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìṣe ẹ̀dá, fi táyà róbà kékeré sórí ti ẹsẹ̀, ó fi ohun tó rí bí apá ọkọ̀ sórí èkejì. Ọwọ́ ń dá wọn mọ̀ láìwò. Títí dòní, ọwọ́ ìdarí ẹsẹ̀ ọkọ̀ òfurufú ṣì rí bíi táyà.

Nítorí náà, kí ẹ tó kan pátákó pa, ẹ pe àwọn tó máa lò ó lóru, kí ẹ jẹ́ kí gbogbo ìkìlọ̀ dún pọ̀, kí ẹ sì máa wo ọwọ́ wọn. Ẹ wo ibi tí wọ́n máa so ìwé àkíyèsí kọ́ pẹ̀lú. Ní Three Mile Island, irú ìwé bẹ́ẹ̀ bo ọ̀kan nínú iná tó ń fi hàn pé wọ́n ti ti àwọn fáàfù omi pàjáwìrì pa. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ kọjá kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.