Éjẹ́ǹtì AI Fẹ́ Ṣí Púùlù: Kí Ló Yẹ Kó Wà Nínú Ìwé Àlàyé Ẹ̀?

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ilé-Ifẹ̀ ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ kóòdù ní Mayfair, ní Lágerè, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú OAU, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tòní, torí owó àwọn èèyàn ló wà nídìí ẹ̀. Irinṣẹ́ ti wà báyìí tí éjẹ́ǹtì AI, ìyẹn AI tó ń fúnra ẹ̀ ṣe iṣẹ́ téèyàn rán an, lè fi ṣí liquidity pool (púùlù) fúnra ẹ̀ lórí blockchain, ìyẹn àkọsílẹ̀ owó orí kọ̀ǹpútà tí kò sí báǹkì tó ń darí ẹ̀. Kóòdù ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ le. Ìwé àlàyé ẹ̀ ló le, torí éjẹ́ǹtì ló máa kà á, kì í rí kóòdù yín rárá, àlàyé tẹ́ ẹ kọ nìkan ló ń rí, ohun tí ò bá sì sí níbẹ̀, á fi èrò ara ẹ̀ dí i.

Kí ni púùlù gan-an? Tọ́kìnì, ìyẹn owó orí blockchain, oríṣi méjì ló wà lójú kan, kóòdù ló ń ṣọ́ wọn. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ ò nílò kó máa wá ẹni tó fẹ́ tà, á kó ọ̀kan síbẹ̀, á mú èkejì. Uniswap, ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ tọ́kìnì, tí Hayden Adams gbé jáde ní oṣù kọkànlá 2018 wà lára àwọn tó jẹ́ kó gbajúmọ̀. Ìṣirò ẹ̀ ò ju pé tá a bá fi iye méjèèjì sọ ara wọn di púpọ̀, èsì ẹ̀ ò gbọdọ̀ yí padà. Ká ní ETH (tọ́kìnì blockchain Ethereum) 10 àti USDC (tọ́kìnì tí ọ̀kan ẹ̀ dúró fún dọ́là kan) 30,000 ló wà níbẹ̀, 300,000 nìyẹn. Ẹnì kan wá mú ETH 1, ó ku 9, USDC ibẹ̀ gbọ́dọ̀ di 33,333, ìyẹn ni pé onítọ̀hún máa san bíi 3,333, láìtíì ka owó iṣẹ́ 0.3% tí ẹ̀dà kejì Uniswap ń gbà. Ṣé ẹ rí i pé kò rí i rà ní 3,000? Bó ṣe ń mú sí i ló ń wọ́n sí i.

Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an rèé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kó owó sínú púùlù tuntun, òun ló ń dá iye owó, kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè. Tí éjẹ́ǹtì bá wá fi ETH 10 àti USDC 3,000 ṣí i, òdo kan péré ló fò, ETH kan ti di 300 nìyẹn, nígbà tí wọ́n ń tà á ní 3,000 níta. Àwọn bọ́ọ̀tì, ìyẹn kóòdù tó ń fúnra ẹ̀ rà tó ń tà, tó ń wá irú ẹ̀ kì í sùn. Wọ́n á máa rà á títí iye ẹ̀ á fi tó 3,000, kó tó débẹ̀ wọ́n á ti kó ETH tó lé ní 6.8, ọjà bíi USDC 20,500, owó tí wọ́n sì máa san ò ju bíi 6,500 lọ. Bíi 14,000 ti wọlé lọ nìyẹn, kò sì sí báǹkì tẹ́ ẹ máa sá lọ bá pé kí wọ́n dá a padà. Àpẹẹrẹ ni mo fi 3,000 ṣe o, ẹ má lọ fi ṣòwò.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ pé òkè pátápátá nínú ìwé àlàyé ni kẹ́ ẹ kọ èyí sí: kí éjẹ́ǹtì tó pe irinṣẹ́ náà, kó wo iye owó níbi méjì tó yàtọ̀ síra, bí wọn ò bá bára mu, kó dúró, kó bi ẹni tó lowó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ́ sísàlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ dẹ́símà náà tún wà. Tẹ́ ẹ bá rán ọmọ yín lọ ra gàrí márùn-ún ní ọjà Odò-Ògbè, á mọ̀ bóyá kóńgò lẹ̀ ń wí àbí àpò, torí ẹ jọ ń gbélé ni. Éjẹ́ǹtì ò bá yín gbélé. USDC 1, 1,000,000 ni blockchain ń kà á sí torí dẹ́símà 6 ló ní, ìyẹn òdo mẹ́fà lẹ́yìn ọ̀kan, ETH wá ní 18. Tẹ́ ẹ bá kàn kọ "amount: iye tọ́kìnì", ẹ ò tíì sọ nǹkan kan. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "amountUSDC: iye USDC ní ẹyọ tó kéré jù. Fún USDC 30,000, kọ 30000000000. Má fi kọ́mà tàbí póìǹtì sí i."

Tó bá jẹ́ ẹ̀dà kẹta Uniswap lẹ̀ ń lò, èyí tó jáde ní oṣù karùn-ún 2021, 3000 ni wọ́n ń kọ fún owó iṣẹ́ 0.3%, ẹ ṣàlàyé ẹ̀, kí éjẹ́ǹtì má lọ rò pé iye owó ETH ni. Tọ́kìnì kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì, ìyẹn nọ́ńbà gígùn tó ń fi ibi tó wà lórí blockchain hàn, tọ́kìnì tí àdírẹ́sì ẹ̀ bá kéré ló gbọ́dọ̀ ṣáájú. Lórí Ethereum gangan, ti USDC fi 0xA0 bẹ̀rẹ̀, ti WETH (ETH tí wọ́n wé sínú tọ́kìnì kí púùlù lè lò ó) fi 0xC0 bẹ̀rẹ̀, USDC ló máa ṣáájú, iye owó tí púùlù máa fẹ́ gbà ni iye WETH tí USDC kan lè rà, kì í ṣe 3,000 tó wà lọ́kàn gbogbo wa, òdìkejì ẹ̀ ni. Ẹ ṣe ìṣirò ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin sínú ìwé náà kó rí i.

Ní ẹ̀dà kẹta yìí, ìgbésẹ̀ méjì ló wà nínú ṣíṣí púùlù, dídá púùlù sílẹ̀ àti fífi iye owó àkọ́kọ́ sí i, ẹ̀ẹ̀kan péré sì ni wọ́n ń fi iye yẹn sí i. Ẹnikẹ́ni ló lè fi í sí i, àní àlejò, torí ẹ̀ ẹ sọ fún éjẹ́ǹtì pé createAndInitializePoolIfNecessary ni kó pè, ìyẹn á ṣe méjèèjì pa pọ̀. Tí púùlù bá ti wà tẹ́lẹ̀, kó kọ́kọ́ ka iye owó tó wà nínú ẹ̀ kó tó kó kọ́bọ̀ kan síbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ gbé e fún éjẹ́ǹtì tí ò rí kóòdù yín rí, kó fi ṣí púùlù lórí Sepolia, blockchain ìdánwò tí owó ibẹ̀ kì í ṣe owó gidi. Ibi tó bá ti kọsẹ̀, ẹ tún ìlà yẹn kọ, kẹ́ ẹ tún gbé e fún òmíì. Wọ́lẹ́ẹ̀tì tówó gidi wà nínú ẹ̀, ẹ má tíì gbé kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ fún un o.